Ọ̀gá Tó Wà Lẹ́yìn Aṣọ Ìkélé

Tí ẹ bá gbé maṣíìnì ìránṣọ yín tó bàjẹ́ wá sí àdúgbò wa, tí ẹ sì béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, gbogbo èèyàn ló máa júwe ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi fún yín. Èmi ni mò ń ta bọ́tìnnì, òwú àti síìpù lábẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ eérú yẹn. Pákó lásán ló wà láàárín èmi àti ọkùnrin náà, kò sí bíríkì, kò sí símẹ́ńtì. Tó bá sín, èmi ni mo máa ń sọ pé pẹ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, ẹ má sì jẹ́ kí káfíńtà iwájú wa tàn yín pé òun náà mọ̀ ọ́n. Irọ́ ló ń pa.

Kò-burú ni gbogbo wa ń pe ọkùnrin náà. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ló sọ ọ́. Ohunkóhun tí ẹ bá ní kó ṣe, "kò burú" ló máa fi dá yín lóhùn. Bá mi tún maṣíìnì yìí ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò burú. Bá mi gbé àpò yìí dé òkè. Kò burú. Jẹ́ kí n fi ọmọ yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ, mò ń bọ̀. Kò burú. Ọmọ náà á sunkún títí di ìrọ̀lẹ́, Kò-burú á fi ọwọ́ kan gbé e, á máa fi ọwọ́ kejì tú bọ́bìnì, irin kékeré tí òwú ń wé mọ́. Ó ní bí òun ṣe wà láti kékeré nìyẹn, pé bí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ yòókù bá bọ́ sínú gọ́tà, òun ni wọ́n máa ń ní kó lọ mú un, wọn ò sì ní fi òun sínú eré.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni o. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Ó lè gbé etí lé maṣíìnì kó sì sọ fún yín pé abẹ́rẹ́ ti tẹ̀ tàbí pé òwú ti há sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Tí aránṣọ mẹ́ta bá wá láàárọ̀, ó máa ṣèlérí ọ̀la fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tó bá wá di ọ̀la, ariwo á sọ. Wọ́n á di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú, wọ́n á pè é ní onírọ́, wọ́n á pè é ní ẹlẹ́tàn, òun á sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí epo maṣíìnì tó ti dà sílẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yá, ọ̀la ni." Ọ̀la mìíràn nìyẹn o! Inú á bí mi débi pé màá fọwọ́ gbá pákó láti ọ̀dọ̀ tèmi.

"Sọ fún wọn pé o ò lè ṣe é!"

Á dáhùn láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀ pé, "Kò burú, ẹ̀gbọ́n."

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí gbé maṣíìnì wọlé. Ó wo Kò-burú láti òkè délẹ̀. Ó rí bó ṣe sorí kọ́, bó ṣe káwọ́ sẹ́yìn, ó sì gbà pé ọmọ iṣẹ́ ni.

"Pe ọ̀gá rẹ fún mi," ló wí.

Ẹlòmíràn á sọ pé, mà, èmi ni ọ̀gá. Kò-burú ńkọ́? "Kò burú, mà," ló wí, ó sì wọ inú ilé lọ.

Aṣọ ìkélé kan ló pín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí méjì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń kó irin àti maṣíìnì àlòkù sí, yàrá kótópó kan tí kò ní fèrèsé, tí kò sì ní ilẹ̀kùn mìíràn. Mo ń gbọ́ bó ṣe dúró síbẹ̀ nínú òkùnkùn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, ta ni ọkùnrin yìí wá fẹ́ pè báyìí? Àfi bí mo ṣe gbọ́ ikọ́. Ikọ́ àgbàlagbà ni, ikọ́ ẹni tó nílé, tó nílẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ òun lẹ́nu. Lẹ́yìn ikọ́ náà ni ohùn ńlá kan jáde.

"Sọ fún un pé ọ̀gá ò gbà! Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀!"

Gbogbo bọ́tìnnì tó wà lọ́wọ́ mi fọ́n dànù. Kò-burú jáde, ó ń làágùn. "Ọ̀gá ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mà." Ẹ wá gbọ́ ohun tí obìnrin náà sọ. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Kò burú. Bá mi kí wọn o." Ó sì bá tirẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nígbà tó lọ tán, mo gba ojú ihò kan tó wà lára pákó àárín wa yọjú. "Ta nìyẹn?"

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti kú tipẹ́. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo lanu."

Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Èmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, n kò sì lè bá oníbàárà tó dé lẹ́yìn náà sọ̀rọ̀.

Bí ọ̀gá ṣe dé àdúgbò wa nìyẹn. Kò-burú wá bàtà aláwọ kan tó tóbi, ó gbé e sábẹ́ aṣọ ìkélé kí imú rẹ̀ lè máa yọ síta. Ó fi kóòtù kan kọ́ sára ìṣó. Ó gbé àga onígi wọlé, kí ó lè máa dún nígbà tí ọ̀gá bá jókòó. Èmi ni mo sọ fún un pé bàtà ọ̀gá rẹ̀ kì í rìn, látìgbà náà ló ti ń yí i padà láràárọ̀. Mo tún sọ fún un pé ọ̀gá tí kì í bá ọmọ iṣẹ́ wí, wọn ò ní gbà pé ọ̀gá ni. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ wí. Ẹ ò bá wà níbẹ̀! Á dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé, á ní, "Ṣé orí rẹ pé ṣá?" Á tún fi ohùn tirẹ̀ dáhùn pé, "Ẹ má bínú, sà."

Kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo àdúgbò ti mọ ọ̀gá. Wọ́n ń kí i. Wọ́n ń fi ọsàn ránṣẹ́ sí i, èmi àti Kò-burú sì ń jẹ ẹ́. Obìnrin tó ń fọṣọ ní igun búra pé òun rí i, pé ó dúdú, ó ga, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti funfun. Káfíńtà ní ilé ìwé kan náà ni òun àti ọ̀gá jọ lọ, pé alágídí ni láti ìgbà náà. Kò sí ẹni tó tún di ọrùn ẹ̀wù Kò-burú mú. Iṣẹ́ ń jáde lásìkò, nítorí ọ̀gá kì í gbà ju èyí tí ọwọ́ ká lọ.

Ẹ má sì pè é ní irọ́ níwájú mi o, a máa jà. Ta ni kì í di ẹlòmíràn nígbà mìíràn? Olùkọ́ tó ń bojú jẹ́ ní kíláàsì, tó bá délé, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gùn ún lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì tó ní abẹ́rẹ́ kò ní dùn yín, ó mọ̀ pé ó máa dùn yín. Èmi fúnra mi, tí ẹ bá ń ná bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi, mo máa ń di opó tí kò ní alátìlẹ́yìn, ọkọ mi sì wà nílé tó ń han-an-run. Nígbà tí mo bá gba ojú ihò pákó wo Kò-burú tó ń ṣe ọ̀gá, ọrùn rẹ̀ máa ń nà, àyà rẹ̀ máa ń ṣí. Mo máa ń rò ó pé bóyá ọkùnrin yẹn gan-an ló wà nínú rẹ̀, tó ń wá ibi tó máa gbà jáde. Ó máa ń dùn mí tó bá jáde wá síta tó tún sorí kọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ì bá má dá wàhálà kankan sílẹ̀, àfi ti Àǹtí Yúnifọ́ọ̀mù.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ló ń gbé, aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń rán. Obìnrin tó ga, tí ẹnu rẹ̀ mú, tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Maṣíìnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lemọ́lemọ́. Èmi ni mò ń ta abẹ́rẹ́ fún un, mo sì mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kì í dédé tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ti Kò-burú, maṣíìnì tí ó yẹ kó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ tún ṣe, ó máa fi ọjọ́ mẹ́ta tú u palẹ̀. Obìnrin náà á sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́ wá wò ó, á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Tí Kò-burú bá wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, tí ọ̀gá sì húkọ́, tó bá a wí, ojú Àǹtí Yúnifọ́ọ̀mù á le.

"Kí ló dé tí ọkùnrin yẹn máa ń pariwo mọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?" ló máa ń bi í. "Ṣé o ò lẹ́nu ni?"

"Ọ̀gá ni wọ́n, mà," Kò-burú á dáhùn, á sì máa wo ilẹ̀.

Obìnrin náà wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ń ṣe bí ẹni ń wo síìpù. Ó ní, "Màmá, èèyàn dáadáa ni aládùúgbò yín yìí. Ṣùgbọ́n kí ni n fẹ́ fi ọkùnrin tí kò lè gbẹ́sẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí i ṣe? Tí mo bá fẹ́ ẹ, ṣé ọ̀gá ló máa sọ ìgbà tá a máa sùn ni?" Mo fẹ́ sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n àṣírí ọmọlàkejì ni, mo gbé e mì, mo sì ta síìpù tí kò nílò fún un.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ránṣẹ́ sí i láti ìlú mìíràn pé òun ti bá a rí ṣọ́ọ̀bù ńlá níbẹ̀, kó máa bọ̀, ọkọ̀ máa wá kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Àǹtí Yúnifọ́ọ̀mù sọ̀ kalẹ̀ wá bá Kò-burú. Lọ́jọ́ náà, kò gbé maṣíìnì kankan dání. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó wá wò ó lójú.

"Kí lo rí sí i? Ṣé kí n lọ, àbí kí n dúró?"

Mo gbé etí mọ́ pákó. Mo ní, ó yá, sọ ọ́, sọ ọ́. Ẹ wo ohun tó ti mọ́ ọn lára láti ọjọ́ yìí, ohun tó ń sọ fún gbogbo oníbàárà, ohun náà ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n bi ọ̀gá."

Mo káwọ́ lérí. Àǹtí Yúnifọ́ọ̀mù jáde. Mo kàn gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, gbà, gbà, gbà, títí ilẹ̀kùn òkè fi dún.

Èébú tí mo bú Kò-burú lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tó kù nínú àpò mi. Ó jókòó sáàárín irin, ó ní òun ò mọ bó ṣe jáde, pé òun fẹ́ sọ pé kó dúró. Mo ní, "Gun òkè lọ báyìí, lọ sọ fún un." Ó ní kò burú. Kò lọ. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ní kò burú, kò lọ. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá pàápàá ò húkọ́ mọ́, àwọn èèyàn sì ń béèrè bóyá ara wọn ò yá ni.

Láàárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ dúró níwájú ilé wa. Wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀, wọ́n kó ìkòkò, wọ́n gbé maṣíìnì. Àǹtí Yúnifọ́ọ̀mù wọ aṣọ ìrìn àjò, ó sì forí lé ṣọ́ọ̀bù Kò-burú. Kí ni ọkùnrin yìí ṣe nígbà tó rí i lókèèrè? Ó sá wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o." Kò sí ẹni tó dáhùn. "Ọ̀gá, mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, mo rí bàtà yín."

Ikọ́ kékeré kan jáde.

"Mi ò wá jà. Mo fẹ́ sọ tẹnu mi kí n tó lọ ni." Mo yọjú láti iwájú, mo rí i. Obìnrin tí kì í tẹ orí fún ẹnikẹ́ni, ó kúnlẹ̀ sórí epo maṣíìnì pẹ̀lú aṣọ ìrìn àjò rẹ̀. "Ọkùnrin tó ń bá yín ṣiṣẹ́ yìí, n kò rí ẹni tó dáa bíi tirẹ̀ rí. Ẹ̀ ń pariwo mọ́ ọn, kò fèsì. Ẹ ti gba ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í ní ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé òun nìkan ló lè dáhùn, ó ní òun fẹ́ bi yín. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dá ẹnu rẹ̀ padà fún un. Kì í ṣe nítorí tèmi, èmi ń lọ."

Mo sáré padà sídìí ihò pákó mi. Kò-burú dúró sínú òkùnkùn, ó fọwọ́ di àyà mú, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó wá na ọrùn rẹ̀.

"Dìde," ni ohùn ọ̀gá wí, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n díẹ̀. "Òmùgọ̀ ni ọkùnrin yẹn."

"Kì í ṣe òmùgọ̀!"

"Òmùgọ̀ ni mo wí! Tí o bá gbé maṣíìnì rẹ wá, nǹkan tí kò ju ká yí nọ́ọ̀tì kan lọ, ó máa tú u palẹ̀ kó lè rí ẹ lọ́la, kó tún rí ẹ lọ́tùn-únla. Ó fẹ́ràn rẹ. Kò fẹ́ kó o lọ. Tó o bá lọ, kò mọ ohun tó fẹ́ máa jí ṣe láàárọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ."

Mo fọwọ́ bo ẹnu ara mi.

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?" ni Àǹtí Yúnifọ́ọ̀mù béèrè. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ó sọ bẹ́ẹ̀."

"Òun wá dà?"

"Mo... mo rán an níṣẹ́."

"Kò burú," ló wí. Mo gbọ́ bó ṣe fa àpótí, tó sì jókòó. "Màá dúró dè é."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ẹni tí wọ́n ń dúró dè wà nínú ilé, kò sí ilẹ̀kùn mìíràn, awakọ̀ sì ń fun fèrè níta. Kò-burú wá fi èékánná kan pákó mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ló ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ pákó tí ìṣó rẹ̀ ti tú yìí. Kí n gba ọ̀dọ̀ yín jáde, kí n wá gba iwájú wọlé bí ẹni tó tibi iṣẹ́ dé."

Kò le rárá láti yọ pákó náà. Ọwọ́ kan ni. Mo gbé ẹnu sí ojú ihò náà, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí òun ò lè sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"Rárá. Aṣọ ìkélé ni kó o gbà jáde."

Ó wò mí bí ẹni tí mo tì sínú odò. Lẹ́yìn náà, ó nu ojú rẹ̀. Ó ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ọ̀gá nínú ìpayà rẹ̀ láìmọ̀, bó sì ṣe ń rìn ni bàtà náà ń dún gbọ̀ngbọ̀n. Aṣọ ìkélé ṣí. Mo tún sáré lọ síwájú, kò sí ohun tó lè mú mi pàdánù ìyẹn.

Àǹtí Yúnifọ́ọ̀mù wo bàtà náà. Ó wo ojú rẹ̀. Ó dìde, ó ká aṣọ ìkélé sókè, ó rí àga, ó rí kóòtù lára ìṣó, ó rí maṣíìnì àlòkù.

"Ọ̀gá dà?"

"Kò sí ọ̀gá, mà. Kò sí rí."

"Ẹni tó ń pariwo mọ́ ẹ?"

"Èmi ni."

"Ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ báyìí ńkọ́?"

"Èmi ni." Ohùn kékeré tirẹ̀ gan-an ni, kò fi ti ẹnikẹ́ni kún un. "Gbogbo ohun tí ẹ gbọ́ yẹn, èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ má lọ. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kí ẹ lọ."

Mi ò lè ka ojú obìnrin náà. Mo rò pé ó máa gbá a létí. Ó kọjá lára rẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé lọ, ó sì fà á dé. Kò-burú dúró sójú kan. A gbọ́ tí àga onígi dún. A sì gbọ́ ikọ́, ikọ́ ẹni tó nílé, tó nílẹ̀.

"Kò-burú!"

Ó fò sókè. "Mà?"

"Ta ló ń fun fèrè níta yẹn?"

"Awakọ̀ ni, mà. Ó... ó ní òun fẹ́ kó ẹrù Àǹtí Yúnifọ́ọ̀mù lọ."

"Sọ fún un pé ọ̀gá ò gbà!"

Ẹ ò bá rí bí ọkùnrin yìí ṣe sáré jáde, gbọ̀ngbọ̀n, gbọ̀ngbọ̀n, ẹ̀rín àti ẹkún lójú kan náà. Awakọ̀ béèrè pé ọ̀gá wo ló ń sọ. Ó ní, "Ọ̀gá tèmi ni." Maṣíìnì ni a kọ́kọ́ gbé sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo ń sunkún bí ọmọdé, mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń wò mí pé eruku ló kó sí mi lójú.

Wọ́n ti fi fèrèsé sí yàrá ẹ̀yìn báyìí, ibẹ̀ ni Àǹtí Yúnifọ́ọ̀mù ti ń rán aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé. Káfíńtà ní òun ti ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé obìnrin ni ọ̀gá. Ní àná yìí, ẹnì kan gbé maṣíìnì wá, ó fẹ́ gbà á lọ́la dandan. Kò-burú ní kó jẹ́ kí òun bi ọ̀gá. Maṣíìnì tó ń dún lẹ́yìn aṣọ ìkélé dákẹ́.

"Ọ̀gá ní kó o dáhùn fúnra rẹ!"

Ó họ orí. Ó wo ilẹ̀, ó wo oníbàárà. Ó ní, "Kò lè yá lọ́la, mà." Maṣíìnì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn aṣọ ìkélé, èmi náà sì ń ka bọ́tìnnì mi lọ.